Orin Tí Ń Bá Aláṣẹ Wí

Bí a bá dárúkọ orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní pọ́ǹkì, ẹlòmíràn yóò ní ariwo lásán ni, kò kan ará Ẹ̀gbá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní New York ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Ramones sílẹ̀ ní ọdún 1974. Láìpẹ́, ó dé London, níbi tí Sex Pistols àti The Clash ti gbòde. Orin rọ́ọ̀kì ti di ti olówó àti ti ọ̀gá nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò ríṣẹ́ ṣe, sọ pé gìtá, ìlù àti ẹnu tí kò bẹ̀rù ti tó. Orin wọn yára, ó kúrú, ó sì kún fún ìbínú.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ti mọ irú orin bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1947, nígbà tí owó orí wọ àwọn obìnrin lọ́rùn, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún wọn lọ síwájú ààfin ní Aké. Wọn kò mú ìbọn, wọn kò mú gìtá. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n sì ń kọrin èébú. Ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1950 ni ó tó padà.

Ọmọ tí ìyá yìí bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1938 ni Fela. Ní ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọmọ London ń pariwo, òun náà kọ "Zombie", ó fi àwọn sójà ṣe yẹ̀yẹ́. Orin tirẹ̀ gùn ní tirẹ̀, ó sì kún fún fèrè àti ìlù, ṣùgbọ́n ìbínú kan náà ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún 1978.

Láàárín àkókò yìí, igi pọ́ǹkì ń yọ ẹ̀ka. Ẹ̀ka kan, tí wọ́n ń pè ní hardcore, tún yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ka mìíràn, post-punk, ń fetí sí orin ilẹ̀ òkèèrè. Nínú ẹ̀ka yìí ni Talking Heads ti New York wà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo "Remain in Light" ní ọdún 1980, àwo orin Fela wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́: ohun èlò kọ̀ọ̀kan di ìlù kékeré tirẹ̀ mú, ó ń tún un lù, bí omele ti ń ṣe lábẹ́ ìyá ìlù, títí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀kan. Báyìí ni ọmọ Ẹ̀gbá ṣe di olùkọ́ fún àwọn ọmọ pọ́ǹkì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá orin kan nínú èyí tí àwọn obìnrin kọ ní Aké ṣì kù lẹ́nu wọn. Bí ó bá kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Orin òyìnbó wà nínú àwo; èyí tí ó wà lẹ́nu àgbà, bí àgbà bá lọ, ó lọ nìyẹn.