Ìdáhùn Ọpọlọ sí Ìró àti Àrùn Sikisofiréníà: Ọ̀rọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Kí A Lò?

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣe àlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìdáhùn ọpọlọ sí ìró wádìí àrùn ọpọlọ tí à ń pè ní sikisofiréníà. Lẹ́yìn èyí, a óò dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè lè lò. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣègùn.

Ẹni tí ó ní àrùn yìí lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè gbà gbọ́ pé àwọn kan ń lépa òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè má so mọ́ra. Títí di òní, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìtàn àìsàn náà ni oníṣègùn fi ń dá a mọ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí rẹ̀ ní 1966, Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí a ti ṣe é, a sì ní láti túmọ̀ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé: ǹjẹ́ a lè rí àmì kan tí kò dúró lórí ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ?

2. Bí a ti ń ṣe àyẹ̀wò náà

Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ iná mànàmáná ọpọlọ ènìyàn ní 1924. Ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1929. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké ni a ń lẹ̀ mọ́ awọ orí, kì í sì í dun ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Gúdúgúdú a máa dún bákan náà lemọ́lemọ́. Ẹni tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lágbo lè má fi etí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ onílù bá ṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, etí yóò ta á lólobó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyẹ̀wò yìí rí. Ìró kan yóò máa dún léraléra: èyí ni ìró ìpìlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìró mìíràn tí ó gùn jù ú tàbí tí ó ròkè jù ú yóò yọjú: èyí ni ìró àjèjì. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, láàárín ìdá 100 sí 250 lẹ́yìn tí ìyàtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ìgbì ọpọlọ yóò yí padà, bí ẹni náà tilẹ̀ ń ka ìwé tirẹ̀. Risto Näätänen, ará Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe àlàyé ìdáhùn yìí ní 1978. Ìgbì mìíràn a tún máa yọ ní nǹkan bí ìdá 300, ṣùgbọ́n èyí ń fẹ́ kí ènìyàn fọkàn sí ìró náà.

Ìyípadà kọ̀ọ̀kan kéré púpọ̀. Nítorí náà, a ní láti gbé àwọn ìró náà jáde ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a sì wá ìpíndọ́gba.

3. Ohun tí ó fi hàn àti ohun tí kò fi hàn

Ní 1991, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fi hàn pé ìdáhùn sí ìró àjèjì kéré lára àwọn tí ó ní sikisofiréníà. Ìwádìí púpọ̀ ti fi ìdí èyí múlẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ gígùn ìró ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ń sọ. Ìwọ̀n ti aláìsàn kan lè bọ́ sí àárín ti àwọn tí ara wọn dá. Ọjọ́ ogbó pẹ̀lú a sì máa dín ìdáhùn náà kù. Àmì ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè ran oníṣègùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(a) Ìdáhùn sí ìró àjèjì. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un mẹ́nu ba ìhà òdì iná mànàmáná. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'ìdáhùn òdì', ẹbí aláìsàn yóò rò pé ọpọlọ ẹni wọn ti dáhùn lódìlódì, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn yìí gan-an ni ó pọ̀ jù lára ẹni tí ara rẹ̀ dá.

(b) Ìgbì ọ̀ọ́dúnrún, fún èyí tí ń yọ ní nǹkan bí ìdá 300.

(d) Sikisofiréníà. Eugen Bleuler, ará Switzerland, ni ó dá orúkọ yìí sílẹ̀ ní 1908 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ pípín ọkàn. Ọ̀pọ̀ sì ti ṣi í gbọ́, wọ́n rò pé ènìyàn méjì ni ó ń gbé inú ara kan. Ní Japan, wọ́n pa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tì ní 2002 nítorí ìtìjú tí ó ń kó bá aláìsàn. Kí a má ṣe lo 'ọkàn pínpín', kí a má sì lo 'wèrè', tí ó jẹ́ èébú, tí ó sì kó oríṣiríṣi àìsàn pọ̀.

(e) Àyẹ̀wò ìrànwọ́, kì í ṣe 'àyẹ̀wò ìdánimọ̀', títí ìwádìí yóò fi fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Àsọkágbá

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe ìlérí ju ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe lọ lè sọ ènìyàn lórúkọ tí kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ àwa atúmọ̀ èdè ni kí a wọn ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dé etí aláìsàn.