Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ ní Kossuth: Ilẹ̀ Ni Owó Ń Tẹ̀ Lé

Ẹni tí ó bá wọ Algona, olú-ìlú káúńtì Kossuth ní àríwá ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni yóò máa rí láti etí títì títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Àgbàdo tí àwa náà mọ̀ ni, arìnhòòhò-lọ-sóko tí í pọn ọmọ bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ní ọdún tí ọjà bá kú, owó ìjọba àpapọ̀ a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìyà ni ó bí owó náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àgbàdo pọ̀ ní Iowa tó bẹ́ẹ̀ tí èédú fi wọ́n jù ú lọ, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń fi ohun tí wọ́n fi òógùn ojú gbìn dáná yá nínú òtútù. Ẹni tí ó bá ti ru àgbàdo tútù lọ sọ́jà rí, tí ó bá igba ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan náà, yóò mọ bí ó ti rí lára wọn. Ní ọdún 1933, lábẹ́ Ààrẹ Roosevelt, nígbà tí Henry A. Wallace, ọmọ Iowa, jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, òfin jáde pé kí a sanwó fún àgbẹ̀ kí ó lè dín ohun tí ó ń gbìn kù. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ wọ́gi lé e ní 1936. Wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀ ní 1938, àtúnṣe kò sì tíì dẹ́kun.

Òfin ọdún 2014 la ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń wo iye owó tí éékà kan mú wọlé ní káúńtì náà: lábẹ́ òfin ọdún náà, bí ó bá kéré sí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ó máa ń mú wá tẹ́lẹ̀, ìjọba a san díẹ̀ nínú àlàfo náà. Èkejì ń wo ọjà nìkan. Dọ́là 3.70 ni òfin náà dá lé búṣẹ́lì àgbàdo kan, èyí tí ó wúwo tó kílò 25. Àgbàdo ọdún 2016 kò mú ju dọ́là 3.36 wá, ó ku sẹ́ǹtì 34. Ẹ jẹ́ kí a wá mú àgbẹ̀ kan tí ó ní éékà 200 nínú ìwé, tí wọ́n kọ búṣẹ́lì 120 sí éékà kọ̀ọ̀kan. Òfin kì í sanwó lórí gbogbo éékà: 170 péré nínú 200 náà ni yóò kà fún un, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ dọ́là 6,936, kí ìjọba tó yọ ohun tí yóò yọ. Ẹni tí ó ní 2,000 yóò gba ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

Mo ní “nínú ìwé,” nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ gbìn lọ́dún yìí ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe ohun tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún tí ó ti kọjá. Ó lè gbin sóyà kí ó sì gba owó àgbàdo. Nítorí náà, ilẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ni owó ń wá lọ. Dọ́là 125,000 tí òfin ọdún 2014 náà fi ṣe òdiwọ̀n fún ẹnì kan kò ká a lọ́wọ́ kò púpọ̀, nítorí ọ̀tọ̀ ni a ń ka ọkọ, ọ̀tọ̀ ni a ń ka aya. Ju ìdajì ilẹ̀ oko Iowa lọ ni a sì ń yá lò. Lóòótọ́, ẹni tí ń dáko lórí ilẹ̀ tí ó yá ni òfin ní kí ó gba owó náà, ṣùgbọ́n onílẹ̀ tí ó mọ̀ pé owó ń bọ̀ kò ní ṣàì fi kún owó ilẹ̀. Ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí.

Èmi kò bá ẹni tí ó ní kí wọ́n pa ètò náà rẹ́ lọ, nítorí ọ̀dá àti ọjà tí ó kú kì í ṣe ẹ̀bi àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí ìyà bí kò yẹ kí ó fi ọ̀dọ́ tí ń yá ilẹ̀ sẹ́yìn kí ó sì máa sáré lọ bá ọlọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í tètè dé: àgbẹ̀ tí ó kórè àgbàdo ní ọdún 2016 kò rí owó rẹ̀ gbà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2017.