Géètì Ilé: Ẹ̀ṣọ́ Tó Lè Di Ewu

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń lọ sópin, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, sáré lọ ṣí géètì fún bàbá rẹ̀ ní ilé wa ní Basin, nílùú Ìlọrin. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ náà, géètì kọ̀, kò rìn. Ọmọ fi èjìká tì í, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kún un. Lójijì ni géètì sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì! Bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà tètè fò sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ lónìí. Ọkùnrin mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ gbé géètì náà dìde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé géètì yìí ti ń kìlọ̀ fún wa. Ó tó oṣù mẹ́ta tó fi ń han goorogo bí a bá ti ń tì í. A ó ní, “Ẹ jẹ́ ká pe wẹ́dà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ náà kò dé. Olè ni a ń bẹ̀rù. A kò ronú kan ohun tí a fi ń dènà olè.

Nígbà tí wẹ́dà dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Alhaja, ẹ wo ibí. Irin tó yẹ kó dá a dúró ní ìpẹ̀kun ti jẹ dànù. Irin kékeré ni, òun ni ì bá sì gba ọmọ yìí sílẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kọ́ mi ní bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.”

Ó ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ló gbé irú géètì bẹ́ẹ̀ ró: àwọn rólà tó ń yí lórí irin ilẹ̀, irin òkè tí kì í jẹ́ kó dojú bolẹ̀, àti irin ìdádúró ní ìpẹ̀kun. Ojú ọjọ́ wa kì í sì í ṣojú àánú sí irin. Lásìkò òjò, omi máa ń dúró lójú irin ilẹ̀, irin a sì dógùn-ún. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a dà pọ̀ mọ́ gírísì àtijọ́, a sì máa ha rólà bíi sánpépà.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2010, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, géètì oníná pa ọmọdébìnrin méjì ní Britain, ọ̀kan ní Manchester, èkejì ní Wales. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1993 ni òfin ti béèrè pé kí ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ní ohun tí yóò dá ilẹ̀kùn padà bí ènìyàn bá wà lọ́nà rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí à ń ṣe nílé wa báyìí nìyí:

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń gbá iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lójú irin ilẹ̀.

Lóṣooṣù, a ń fi àkísà nu gírísì àtijọ́ kúrò lára rólà kí a tó fi tuntun sí i. A kì í fi gírísì sójú irin ilẹ̀, nítorí yóò kó eruku jọ.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá, a ń yẹ irin ìdádúró, irin òkè àti gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ wò. Ibi tó bá ti dógùn-ún, a ó ha á, a ó sì kùn ún lọ́dà.

Bí géètì bá le jù láti tì, a kì í fipá tì í. Wẹ́dà ni à ń pè lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ní ilẹ̀kùn oníspríngì kò gbọdọ̀ tú spríngì náà fúnra rẹ̀, nítorí agbára tó wà nínú rẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi.

Lékè gbogbo rẹ̀, ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣí géètì mọ́.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí géètì yín bá ń han lónìí, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.