Ọwọ́ Jíà Ara Sítíárìn: Àìsàn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọkọ̀ Peugeot 504 kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó ti rin ọ̀nà tí ó gba Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ. Wọn kò ṣe 504 mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan kò tíì ta tiwọn.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀dọ́ awakọ̀ lẹ́nu nínú díẹ̀ lára àwọn 504 àtijọ́, àti nínú 404 tí ó ṣáájú wọn, ni pé ọwọ́ jíà kò sí nílẹ̀ láàárín ìjókòó méjì. Ara òpó sítíárìn ni ó wà. Iṣẹ́ méjì ni ọwọ́ yìí ń ṣe. Bí awakọ̀ bá fà á mọ́ra tàbí tì í síwájú, ìlà jíà ni ó ń yàn. Bí ó bá gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń fi jíà sí ẹnu iṣẹ́. Àwọn ọ̀pá irin ni ó ń gbé ìṣípòpadà wọ̀nyí dé àpótí jíà, búùṣì kéékèèké sì wà ní oríkèé wọn.

Búùṣì wọ̀nyí ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nígbà náà ni ọwọ́ jíà yóò máa mì dirodiro, tí jíà yóò sì há sí àárín méjì. Ewu wà níbẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ Èkìtì, jíà kékeré ni ó ń bá bíréèkì dá ọkọ̀ dúró. Bí jíà bá kọ̀ tí kò wọlé, bíréèkì nìkan ni yóò ru ẹrù náà, ó sì lè gbóná kọjá ààlà.

Àwọn kan a sáré tú àpótí jíà, àwọn mìíràn a fi wáyà so oríkèé. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a fi òkúta di táyà, kí ẹnì kan máa ti ọwọ́ jíà, kí ẹnì kejì máa wo àwọn ọ̀pá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oríkèé tí ọwọ́ ti ṣí kí ọ̀pá tó ṣí ni ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n bí jíà bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí ó sì ń pariwo nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kíláàṣì ni kí a fura sí.

Búùṣì tuntun, gíríìsì, àti títún gígùn ọ̀pá ṣe nígbà tí ọkọ̀ kò sí nínú jíà kankan, ni ìwòsàn rẹ̀. Kí a sì dè é pinpin.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìmọ̀ ẹ̀rọ di ara ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ girama kékeré. Olùkọ́ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yóò rí i pé ọ̀pá àti oríkèé wọ̀nyí ń kọ́ni ní agbára ìgbéǹkan ju àwòrán ojú pátákó lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹni tí ó bá gbọ́ èdè oríkèé kékeré kò ní dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè.