Ìdí Tí A Fi Ń Ṣọ́ Igbó Ẹ̀gbà Etí Òkun

Lára ayé tí Ọlọ́run ní kí a máa ṣọ́ ni igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró nínú omi iyọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ewé tó bọ́ síbẹ̀ kì í tètè jẹrà. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ pẹ́ títí. Bí a bá gé igbó náà, yóò tú jáde.

Ní Gazi, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ìjọba ló ni igbó ẹ̀gbà, ṣùgbọ́n òfin fàyè gba àwọn ará abúlé láti bá a ṣọ́ ọ. Láti ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ Mikoko Pamoja ti ń tọ́jú hẹ́kítà 117, tí wọ́n sì ń ta kábọ́ọ̀nù tí igbó náà pa mọ́ fún àwọn tó fẹ́ fi owó ṣe àtúnṣe èéfín tiwọn. Owó náà ti pèsè omi àti ìwé ilé ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, èyí sàn ju ìkìlọ̀ lásán lọ, nítorí a kì í fi ìkìlọ̀ dáná. Wọ́n tilẹ̀ gbin igi mìíràn fún ìdáná.