Bí A Ṣe Lè Ya Ọ̀ṣọ̀rọ̀ Omi Kí Agbára Rẹ̀ sì Hàn

Nígbà tí mo ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé lọ́dún tó kọjá, fọ́tò mẹ́tàlélógójì ló wà lórí fóònù mi. Màámi jókòó síwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀, mo sì ń fi wọ́n hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ṣé kì í ṣe páìpù tó bẹ́ ní Máfolúkù nìyí?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Orúnkún Màámi kò jẹ́ kí wọ́n lè gun òkè mọ́, fọ́tò nìkan ni wọ́n lè fi dé ibẹ̀. Omi tó ń hó débi pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní láti pariwo ká tó gbọ́ ara wa, òun ló di páìpù lójú wọn. Mo wá ìdí rẹ̀, mo sì padà lọ yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ibi tí à ń sọ

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òṣòdì yóò gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kọjá. Ìpele méje ni omi náà fi ń já wálẹ̀ lórí àpáta. Olúmirin ni orúkọ rẹ̀, àlàyé tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe ni pé "olú mìíràn" ló túmọ̀ sí. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò rí páìpù níbẹ̀.

Ibá ìṣẹ̀lẹ̀ nínú kámẹ́rà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì gírámà Yorùbá, ẹ rántí pé "omi já" àti "omi ń já" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibá adáwà ni ti àkọ́kọ́, ibá atẹ́rẹrẹ ni ti èkejì. Kámẹ́rà náà ní irú ìyàtọ̀ yìí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá fi là sílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ Pro sí, lábẹ́ S tàbí Speed.

Bí ojú kámẹ́rà bá là fún 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá, omi á dúró gbagidi, ẹ ó sì máa rí ẹ̀kán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá là fún odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan, omi á máa sàn nínú fọ́tò, á sì funfun bí òwú. Irú èyí ló pọ̀ láyé àtijọ́: nígbà tí Daguerre gbé kámẹ́rà tirẹ̀ jáde ní 1839, yíya fọ́tò kan lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì sí omi tó lè dúró de kámẹ́rà tó bẹ́ẹ̀.

Òwú lẹ́wà, àmọ́ kò lágbára. Ẹ̀kán omi náà, bó bá dá dúró, kò sọ ibi tí omi ń lọ. Àárín méjèèjì, bíi 1/8 sí 1/30, ló bá mi lára mu jù: ojú ipa omi hàn, ìbínú rẹ̀ náà sì hàn. Ẹ gbé fóònù lé òkúta, nítorí ọwọ́ máa ń gbọ̀n. Ẹ fi ISO sí èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ sì lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan á pọ̀ jù fún ojú tó là pẹ́.

Omi funfun, àpáta dúdú

Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bó bá rí àpáta dúdú tó pọ̀, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, omi á sì di funfun báláú bíi bébà tí a kò kọ nǹkan sí. Ẹ fọwọ́ kan omi náà lójú fóònù, kẹ́ ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí a fi ń wọn nǹkan

Àṣìṣe mi tó tóbi jù nìyí: nínú fọ́tò mẹ́tàlélógójì yẹn, kò sí ènìyàn kan ṣoṣo. Ojú kò mọ bí nǹkan ṣe ga tó bí kò bá rí nǹkan mìíràn tó mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró síbẹ̀, kó wọ aṣọ tó tàn. Bó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Àmọ́ o, kí onítọ̀hún dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Òkúta tí omi ń bá nígbà gbogbo máa ń yọ̀ bí ilá. Bí òjò bá sì ń ṣú lókè, ẹ kúrò níbẹ̀, torí omi lè kún lójijì kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí.

Ìkùukùu omi náà á máa bo ojú kámẹ́rà. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ gbígbẹ dání, kẹ́ ẹ máa nù ún lẹ́yìn fọ́tò méjì mẹ́ta.

Ìgbà kejì

Fọ́tò mẹ́fà péré ni mo mú wálé lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó jìnnà sí omi díẹ̀. Màámi gba fóònù, wọ́n sún un mọ́jú.

"Kí ni kiní pupa kékeré yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Mà."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Háà! Omi yìí ló ga tó báyìí? Ẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́ o!"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé fọ́tò náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.