Ìbéèrè Tí Ó Di Ìyà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú àwọn èdè Slavic, tí wọ́n ń sọ káàkiri ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó fi hàn pé ìbéèrè pàápàá lè di ohun ẹ̀rù. Pytati ni ọ̀rọ̀ náà láyé àtijọ́.

Ní èdè Pólándì, pytać ni bíbéèrè. Pytaty ni ti Ukraine, pitati ni ti Sẹ́bíà. Ará Bulgaria ní tirẹ̀ a máa wí pé pitam, èyíinì ni ‘mo béèrè’. Ẹnu gbogbo wọn kò. Ṣùgbọ́n ní èdè Rọ́ṣíà, pytat' ni kí a máa fi ìyà jẹ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà ní Moscow, sprashivat' ni yóò lò. Bí àlejò láti Pólándì bá ṣèèṣì lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó lè dẹ́rù ba ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ilé ẹjọ́ ni. Ní ìgbà kan rí, bíbéèrè àti wíwádìí ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní Rọ́ṣíà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fura sí, wọn a di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọn a fi okùn gbé e kọ́, wọn a sì nà án ní ẹgba. Nígbà tí ọba Aleksei Mikhailovich gbé ìwé òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1649, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pytat' dúró fún nínú rẹ̀. Ọba Alexander Kìíní fi òfin de ìyà náà ní ọdún 1801, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Síbẹ̀, ìtumọ̀ ìṣáájú kò parun pátápátá. Ní Rọ́ṣíà, pytlivyj ni ẹni tí ó ń fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo. Opyt ni ìrírí tàbí ìdánwò. Pytat'sja sì ni kí ènìyàn gbìyànjú. Wọ́n tilẹ̀ ń pa á lówe pé popytka ne pytka: ìgbìyànjú kì í ṣe ìjìyà.

Kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní èdè Látìnì, quaestio ni ìbéèrè. Òun náà ni wọ́n sì ń pe ìyà tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹrú ní ilé ẹjọ́ Róòmù. Níbi tí ẹni tí a bi léèrè kò bá ti ní àǹfààní láti dákẹ́, ìbéèrè àti ìyà kì í pẹ́ jọra.